Kí Ló Dé Tí Wọ́n Ń Gé Owó Iṣẹ́ Kejì Tó Báyẹn Nílùú Ọba?

Iṣẹ́ owó orí ni mò ń ṣe nílùú ọba níbí, ìbéèrè kan wà táwọn èèyàn wa kì í yéé bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé téèyàn bá ṣe iṣẹ́ méjì, owó orí tí wọ́n máa gbà lórí èkejì á pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ?" Rárá o. Kò sí òfin kankan tó ní kí iṣẹ́ kejì ní owó orí tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí irú ọ̀rọ̀ báyìí, nígbà tó jẹ́ pé kóòdù owó orí ẹ̀ lásán, ìyẹn àmì tó ń sọ iye tí wọ́n máa gé, ló yẹ kí wọ́n bá a tún ṣe.

Bó ṣe rí nìyí. Láti April 6 ọdún kan títí dé April 5 ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo owó iṣẹ́ yín, ibi yòówù kó ti wá, ojú kan náà ni HMRC, ìyẹn àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba, máa rò ó pọ̀ sí. £12,570 àkọ́kọ́ nínú ẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kàn án, òun là ń pè ní aláwánsì (láti April 2021 ni iye yẹn ti wà lójú kan, pẹ̀lú bí gbogbo nǹkan ṣe wọ́n tó yìí, wọn ò fi kọ́bọ̀ kún un). Èyí tó bá lé lórí ẹ̀, 20% ni, títí tí àpapọ̀ owó náà á fi dé £50,270, lẹ́yìn ìyẹn ó di 40%. Ẹni tówó ẹ̀ bá ju £100,000 lọ, àlàyé tiẹ̀ tún yàtọ̀, ìyẹn dọjọ́ mìíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Scotland, ìdá tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ò rí bákan náà, S ló máa ń ṣáájú kóòdù yín, àmọ́ aláwánsì yẹn ò yàtọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti ń dojú rú ni pé ẹyọ aláwánsì kan ṣoṣo lẹ ní, kò di méjì torí pé iṣẹ́ yín di méjì. Iṣẹ́ kan ni HMRC máa ń sábà gbé gbogbo ẹ̀ lé, 1257L, kóòdù tó dúró fún £12,570, lẹ máa rí lórí payslip ibẹ̀. Ti iṣẹ́ kejì á wá jẹ́ BR, ìyẹn ni pé kí wọ́n gba 20% látorí pọ́n-ùn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ £1,000 lóṣù níbẹ̀, tó wá rí i pé £200 ti lọ, ó dájú pé inú ẹ̀ ò ní dùn, á ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Ká ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ £28,000 lọ́dún, èkejì £10,000. Àkọ́kọ́ á san £3,086, BR á gba £2,000 lórí èkejì, àpapọ̀ £5,086. Tó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló ti ń gba £38,000 yẹn ńkọ́? £5,086 náà ni, kò lé kò dín.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń pa lára ní tòótọ́ làwọn tí iṣẹ́ méjèèjì wọn kéré, àwọn sì ni mo tìtorí ẹ̀ kọ èyí. Ká ní obìnrin kan ń ṣe care, £9,000 lọ́dún, ó tún ń ṣe cleaning láàárọ̀ kùtùkùtù, £8,000. HMRC gbé gbogbo £12,570 lé iṣẹ́ care, owó tó ń gbà níbẹ̀ ò sì tó bẹ́ẹ̀, £3,570 nínú aláwánsì ẹ̀ wá jókòó síbẹ̀ lásán, kò rí owó kankan bò. Lórí cleaning, BR ń gé tiẹ̀ lọ, ọdún á fi parí á ti gba £1,600. Èló ló yẹ kó san? £17,000 ni gbogbo owó ẹ̀, ẹ yọ £12,570 kúrò, ó ku £4,430, 20% ẹ̀ jẹ́ £886. Ó ti san £714 tí kì í ṣe gbèsè ẹ̀! £714 lọ́wọ́ ẹni tó ń jí laago mẹ́rin ìdájí, owó ńlá ni.

Ohun tó yẹ kó ṣe ò le. Kó pe HMRC, kó ní kí wọ́n pín aláwánsì òun, kí wọ́n fi £9,000 síbi care, kí wọ́n gbé £3,570 lọ síbi cleaning, kóòdù á wá di 900L níbí, 357L lọ́hùn-ún. Kó má bá máníjà fa wàhálà o, àwọn payroll tó ń ṣírò owó oṣù ò láṣẹ láti yí kóòdù padà fúnra wọn, èyí tí HMRC bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n máa lò. Tó bá sì fi ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó tètè pè wọ́n padà, kí wọ́n da gbogbo aláwánsì pọ̀ sójú kan, torí bí wọ́n bá gbàgbé ẹ̀ síbi tí ò ṣiṣẹ́ mọ́, ibi àná náà la padà sí yẹn.

Owó tó ti lọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣì lè gbà á, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n fàyè ẹ̀ sílẹ̀. Tí ọdún owó orí bá parí, HMRC máa ń fi lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní P800 ránṣẹ́ sẹ́ni tó san ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ àwa tá a máa ń kó ilé kiri yìí, àdírẹ́sì àtijọ́ ni lẹ́tà ń lọ, ẹlòmíì tó ń gbébẹ̀ báyìí á sọ ọ́ nù. Torí náà ẹ yí àdírẹ́sì yín padà lórí áàpù HMRC lónìí, kẹ́ ẹ sì tọ́jú P60 tí wọ́n bá fún yín, ìyẹn ìwé tó ń sọ iye tẹ́ ẹ gbà lọ́dún àti owó orí tí wọ́n gé, ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fún yín ní tiẹ̀ kó tó di May 31. Àwọn kan tún wà tó ń polówó pé àwọn máa bá yín gba owó yẹn, wọ́n á sì bu tiwọn nínú ẹ̀. Èmi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa fún wọn, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ HMRC.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ni tàwọn tí gbèsè ń bá lójijì. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, wọ́n á fún yín ní fóòmù tí wọ́n ń pè ní starter checklist, wọ́n á bi yín bóyá ẹ níṣẹ́ míì lọ́wọ́, ìdáhùn yín ló máa já sí A, B tàbí C. Tẹ́ ẹ bá ní iṣẹ́ míì, C ni tiyín. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ mú A, tó jẹ́ ti ẹni tí ò níṣẹ́ míì, kí wọ́n má bàa gé owó yín, ẹ má dá wọn lóhùn, torí aláwánsì á bọ́ sórí iṣẹ́ méjèèjì, tí owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá sì ju £12,570 lọ, bí wọn ò bá tètè rí i, £2,514 lẹ máa jẹ ìjọba kọ́dún tó parí. Wọ́n máa gbà á. Tí gbèsè ò bá tó £3,000, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa rọra yọ ọ́ nínú owó oṣù yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Bákan náà, tí àpapọ̀ yín bá ti kọjá £50,270, BR ò ní tó. £42,000 pẹ̀lú £14,000 jẹ́ £56,000, £5,730 inú ẹ̀ ló yẹ kó san 40%, BR á sì gba 20% péré, £1,146 ló máa ṣẹ́ kù sọ́rùn yín. Ẹ tètè sọ fún HMRC kí wọ́n tún kóòdù ṣe.

Ọ̀rọ̀ National Insurance (NI), owó tí wọ́n ń gé fún pẹ́ńṣàn ìjọba àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀, wá yàtọ̀ pátápátá, torí wọn kì í ro iṣẹ́ méjì pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ò bá tó £242 lọ́sẹ̀, wọn ò ní gé NI lórí ẹ̀, tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, 8% ni lórí èyí tó lé. Ó dà bí oore, àmọ́ ẹ wo ibi tó ti ń já sí nǹkan míì: owó iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ tó iye kan lọ́sẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó wọ ìwé pẹ́ńṣàn yín, £125 ni iye ọ̀hún ní 2025/26. Ẹni tó ń gba £110 níbí, £110 lọ́hùn-ún, £220 ló ń mú relé lọ́sẹ̀, síbẹ̀ kò sí nǹkan kan tó ń wọ ìwé ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló kéré jù kéèyàn tó rí pẹ́ńṣàn ìjọba gbà, ọdún 35 fẹ́ni tó bá fẹ́ gbà á kún. Àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba bí Universal Credit, tàbí Child Benefit lórí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 12, ìjọba ń kọ tiwọn sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ò bá sí nínú wọn, kó bi ọ̀kan nínú àwọn ibi iṣẹ́ ẹ̀ bóyá wọ́n lè fi wákàtí díẹ̀ kún tiẹ̀ tí yóò fi tó iye tí wọ́n ń béèrè lọ́dún náà, kó sì wọ áàpù HMRC kó wo NI record ẹ̀, ọdún tó bá kún àtèyí tí ò kún, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.