Ìpè tòlótòló igbó: èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe àbí èyí tó ti ilé iṣẹ́ jáde?

Ní Amẹ́ríkà, tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀, láti oṣù kẹta lápá Florida títí dé oṣù karùn-ún lápá àríwá, àwọn ọdẹ tòlótòló kì í rìn kiri igbó wá ẹran wọn. Wọ́n á ti jókòó sídìí igi kílẹ̀ tó mọ́, aṣọ aláwọ̀ ewé lára, ìbòjú lójú, wọ́n á wá máa dún bí abo tòlótòló kí akọ lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá bá wọn. Nǹkan kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ohùn yẹn là ń pè ní ìpè, ọwọ́ tàbí ẹnu ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi dún un torí òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ò gbà kéèyàn gbé ẹ̀rọ oníbátìrì wọgbó lọ tan tòlótòló. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ owó ti wọlé. Ìpè alápòótí kan lè wà ní nǹkan bíi dọ́là 30, òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì á wà ní dọ́là 200, wọ́n á ní torí pé ẹnì kan ló jókòó fọwọ́ gbẹ́ ẹ. Kí wá ni ìyàtọ̀ owó yẹn rà gan-an?

Kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí ọdẹ yìí ń bẹ akọ tòlótòló pé kó ṣe, òdì ohun tó máa ń ṣe ni. Láàárín ara wọn, akọ ló máa ń ké látorí igi tó sùn sí, abo á gbọ́, abo á wá a lọ. Ọdẹ wá jókòó sójú kan ó ń ṣe bí abo, ó ń retí pé kí akọ ló máa bọ̀. Akọ tó bá ti gbọ́n díẹ̀ á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á na ọrùn, á máa wò ó pé abo tó ń pè mí yìí dà, kí ló dé tí mi ò rí i. Nítorí náà ibi téèyàn jókòó sí àti mímọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́ ṣe pàtàkì ju ìpè lọ, àwọn tó ń tà á ò kàn ní sọ ìyẹn fún yín ni. Àti pé abo gidi gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ ní ohùn dídùn o, àwọn kan wà nínú igbó tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé wọn lọ síbi ìdíje ìpè, wọn ò ní gba ipò kankan.

Ọ̀nà méjì náà ni gbogbo ìpè ń gbà dún ṣá: kí nǹkan máa ha nǹkan, àbí kí èémí ẹnu ṣiṣẹ́ ẹ̀. Lára ti èémí ni eegun apá tòlótòló fúnra ẹ̀, èyí táwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń lò kí òyìnbó tó dé, wọ́n á fi ètè fa afẹ́fẹ́ gba inú eegun yẹn á sì dún bí abo. Àwọn kan ṣì ń ṣe é títí dòní, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó lè bá wọn du ìyẹn.

Àmọ́ alápòótí, tí wọ́n ń pè ní box call, ni ojú àwọn èèyàn mọ̀ jù. Àpótí igi tóóró ni, orí ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọmọrí kan tó ní ọwọ́ ìdìmú wà lórí ẹ̀, síkúrúù kan pẹ̀lú sípíríǹgì ló mú un lápá kan kó lè máa lọ kó máa bọ̀. Abẹ́ ọmọrí yẹn ò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó yọ ikùn díẹ̀. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kun ún, wọ́n á wá rọra fà á gba orí etí pákó ẹ̀gbẹ́ àpótí kọjá, á máa mú á máa yọ̀, á máa mú á máa yọ̀, àìmọye ìgbà kéèyàn tó ṣẹ́jú, bí irun ẹṣin tí wọ́n kun oje igi ṣe ń ṣe lára okùn gòjé gẹ́lẹ́, ìyẹn lá máa gbọn pákó ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tí àpótí á fi gbé ohùn síta. Ohùn abo tó ń pè máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè, tín-ín-rín, á wá já wálẹ̀ sí ohùn tó ń há díẹ̀. Ibi tó ti ń já yẹn gan-an ni gbogbo ẹjọ́ wà. Tí kò bá já, ariwo lásán ni, tó bá sì tètè já jù, á dà bí ìlẹ̀kùn tó ń fẹ́ epo.

Ohun tó ń pinnu ibi tí ohùn á ti já ni bí ikùn ọmọrí ṣe yọ tó, bí etí pákó ṣe tẹ̀ tó, àti bí pákó ẹ̀gbẹ́ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Igi wá nìyí, igi ò sì jọra. Pákó méjì tí wọ́n là lára ìtì kan ṣoṣo, ọ̀kan lè le ju èkejì lọ, ọ̀kan lè gbẹ ju èkejì lọ. Ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é á fi oríkèé ìka kan pákó náà, á gbọ́ bó ṣe dún, á fá a, á tún kàn án. Tó bá ti to àpótí pọ̀ tán iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni: á kun ṣọ́ọ̀kì, á fà á, á gbọ́, á fi sáńpépà họ etí pákó lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì péré, á tún fà á, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe títí ohùn á fi já síbi tó fẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa máa ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan dún bí abo kékeré kí ẹ̀gbẹ́ kejì dún bí ìyá àgbà tí ohùn ẹ̀ ti wúwo. Tí sáńpépà bá sì fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọjá ibi tó yẹ kó dúró, àpótí yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, igi téèyàn ti họ ò ṣeé dá padà.

Ohun tí owó rà nìyẹn. Kì í ṣe ẹwà igi, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fi iná kọ sábẹ́ ẹ̀, etí ẹnì kan lẹ rà, àti àkókò tí etí yẹn fi jókòó ti igi kan ṣoṣo yìí. Igi olówó ńlá tó bá wà lára ẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń fi wọ́nọ́tì, sídà, máhógánì, àní padauk pàápàá polówó, padauk yẹn igi pupa tó ń ti igbó Kamẹrúùnù àti ìlà oòrùn gúúsù Nàìjíríà wá ni, ìbátan igi osùn tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ fi para. Ó le, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n tí ẹni tó gbẹ́ ẹ ò bá ní etí, osùn ò ní bá a tún ohùn ṣe.

Ilé iṣẹ́ wá ń kọ́? Kò yẹ ká máa fojú di wọ́n. Henry Gibson ará Dardanelle ní Arkansas gba àṣẹ ìjọba lórí ìpè alápòótí tiẹ̀ lọ́dún 1897, àtìgbà yẹn ló sì ti hàn pé èèyàn lè ṣe é lọ́pọ̀ kó tà á. M. L. Lynch náà tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ní Alabama, alápòótí tiẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ títí dòní. Ṣùgbọ́n níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tòlótòló igbó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ti gé igbó, wọ́n ti pa ẹran láìní ìdíwọ̀n, ta ló fẹ́ ra ìpè ẹran tí kò sí? Ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n ńlá mú àwọn tó kù tí wọ́n ń kó wọn lọ tú sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti tán, ẹran padà pọ̀, ọdẹ náà bá pọ̀. Ọdún 1973 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo tòlótòló igbó, National Wild Turkey Federation, sílẹ̀, láàárín àsìkò yẹn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi ti Will Primos ní Mississippi dìde. Àwọn káfíńtà tó ń gbẹ́ díẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé ò lè bọ́ irú ọjà yẹn láéláé.

Ní ilé iṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń darí ọ̀bẹ tó ń gé igi, ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ náà ni ìwọ̀n ti ẹgbẹ̀rún. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ igi ò mọ̀ pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fún òun. Ìdí nìyẹn tí alápòótí méjì tí orúkọ wọn jọra, tí páálí wọn jọra, tí wọ́n jọ wà lórí àtẹ kan, ọ̀kan á dún bí abo gidi, èkejì á máa han bí ológbò. Ẹni tó bá mọ̀ á tú wọn wò títí tó fi máa rí èyí tó dáa níbẹ̀, á san dọ́là 30, á sì gbé ohun tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti dọ́là 200 lọ sílé. Ẹni tó ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe ìyẹn, àyànmọ́ ló ń rà.

Ti aláwo, ìyẹn pot call, yàtọ̀. Awo roboto kékeré ni, ó gba àtẹ́lẹwọ́, síléètì tàbí gíláàsì tàbí alumíníọ́mù ló wà lójú ẹ̀, pèlébé mìíràn tún wà nísàlẹ̀ tójú ò rí, àlàfo díẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ihò sì wà ní ìdí awo kí ohùn lè jáde. Ọ̀pá tó tóbi ju bírò lọ díẹ̀ ni wọ́n fi ń ya òbìrìkìtì kékeré sójú ẹ̀, ọ̀pá ò gbọ́dọ̀ kúrò lójú awo tí wọ́n bá ń ṣe é. Níbí, ohùn gíláàsì kan ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òmíràn bíi ti igi, torí ẹ̀ aláwo ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pílásíìkì máa ń ṣe dáadáa, òjò ò sì ní wú u bó ṣe máa ń wú igi. Ibi tí ọwọ́ èèyàn ti ṣe pàtàkì ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ojú awo àti àlàfo yẹn, àti ọ̀pá. Ọ̀pá gan-an ni! Ẹ pààrọ̀ ọ̀pá lórí awo kan náà, ẹ máa rò pé abo mìíràn ló dé. Ọ̀pá tí ilé iṣẹ́ máa ń fi sínú páálí sábà máa ń jẹ́ jọ̀wọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Tówó ò bá pọ̀, aláwo ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá àfọwọ́ṣe kan tàbí méjì lérè ju kéèyàn lọ kó gbogbo owó sórí awo tí wọ́n fín òdòdó sí lára.

Ìpè ẹnu ò tiẹ̀ gba àríyànjiyàn. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n nà sórí férémù alumíníọ́mù kékeré, wọ́n á fi téèpù yí i ká, èèyàn á fi ahọ́n tì í mọ́ àjà ẹnu á sì fẹ́ atẹ́gùn gba àárín. Àǹfààní ẹ̀ ni pé ọwọ́ méjèèjì á ráyè di ìbọn mú, akọ ò sì ní rí ọwọ́ tó ń mì. Ṣùgbọ́n rọ́bà máa ń bàjẹ́, oòrùn ọkọ̀ nìkan tó láti pa á, èyí téèyàn lò lọ́dún yìí lè má dún mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ àfi tó bá fi sínú fíríìjì. Àjà ẹnu ò sì jọra, ohun tó bá ẹnu Lágbájá mu lè máa rin Tàmẹ̀dò lọ́fun. Ẹ ra ti ilé iṣẹ́ mélòó kan tí ọ̀nà tí wọ́n gbà gé rọ́bà wọn yàtọ̀ síra, dọ́là 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lẹ́nu ẹyọ kan, kẹ́ ẹ mọ èyí tẹ́nu yín gbà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àmì. Wọ́n á kọ custom, ìyẹn àkànṣe, sí i lára, wọ́n á fọwọ́ kọ nọ́ńbà sábẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ máṣíìnì kan náà tó wà nílé iṣẹ́ ńlá ló wà ní gáréèjì ẹni tó ṣe é. Kì í ṣe ẹ̀tàn, máṣíìnì ò burú, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi í ni pé ta ló gbọ́ ọ kó tó kúrò níbẹ̀, ṣé ẹ lè gbọ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà gan-an, kì í ṣe fídíò ti ẹgbẹ́ ẹ̀, àti pé tó bá yí ohùn padà ṣé ẹ lè dá a padà kó bá yín tún un ṣe. Ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é lóòótọ́ máa ń fẹ́ràn irú ìbéèrè yẹn. Àwọn alápòótí tí Neil Cost ará South Carolina tó ti kú fọwọ́ ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń ta òmíràn nínú wọn báyìí, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọdẹ, àwọn tó ń rà á ń gbé e sínú gíláàsì ni, ta ló fẹ́ gbé irú ẹ̀ wọ inú ìrì?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán èyíkéyìí wò kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ má fi etí ẹni tó ń dún un ṣèdájọ́. Ẹ fún ẹlòmíì, ẹ rìn jìnnà síta, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Ìpè tó ń hanni létí nítòsí lè dùn gan-an lọ́ọ̀ọ́kán, òmíràn tó dùn mọ́ni lọ́wọ́ á sì kú sínú ewé. Ẹ jẹ́ kó dún jẹ́jẹ́ pẹ̀lú, torí ìpè tó bá mọ ariwo nìkan máa ń dójú tini nígbà tí akọ bá ti sún mọ́ tó sì ku kéèyàn máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìpè ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń bú ò sì lẹ́bi kankan, ọwọ́ tó ní òróró ló kàn án. Òróró ìka tó bá kan ojú síléètì tàbí abẹ́ ọmọrí, ohùn á máa yọ̀ ni, kò ní mú. Ẹ fi sáńpépà fẹ́ẹ́rẹ́ nu ojú síléètì, ti gíláàsì ń fẹ́ èyí tó le díẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí kò ní òróró nínú ni kẹ́ ẹ fi kun ọmọrí. Síkúrúù yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n fún un dé ni ohùn wà. Alápòótí dọ́là 30 tó ń ṣòjòjò, ẹ lè fi sáńpépà gbìyànjú etí pákó ẹ̀ fúnra yín, tó bá bàjẹ́ ó bàjẹ́. Èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ dì í kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó ṣe é.