Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà, Ìbéèrè Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìyá kan mú èsì àyẹ̀wò ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní ilé àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n rí lára ọmọ náà, SS ló sì wà nínú ìwé. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ pé àìtó ẹ̀jẹ̀ ni. Àbúrò ọkọ ìyá náà, tó jẹ́ olùkọ́ bàọ́lọ́jì, ní àbùdá ni, ìyẹn ohun tí ọmọ jogún lára òbí. Ẹnì kan lórí rédíò sì ní ibà ló mú kí àìsàn náà pọ̀ nílẹ̀ wa. Ìyá náà wò mí lójú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni ká gbà nínú gbogbo rẹ̀?"

Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kálukú wọn ń dáhùn yàtọ̀ síra. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ohun tí ẹ̀ka ìmọ̀ kan ń wò ni a fi ń dá a mọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ti oníṣègùn, òkúta sì jẹ́ ti onímọ̀ ilẹ̀. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà tó wà nínú ìgò kékeré lórí tábìlì mi lè gba ọwọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ mẹ́rin kọjá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì béèrè ohun tí èkejì kò ronú kàn rí lọ́wọ́ rẹ̀. Tíọ́rì tí onímọ̀ kan dì mú, ìyẹn àlàyé tó ní nípa bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ló sì ń fi ohun tó yẹ kó béèrè hàn án.

Ní 1910, James Herrick, oníṣègùn kan ní Chicago, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada tó wá kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín, tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ìbéèrè oníṣègùn ló béèrè: kí ló ń ṣe aláìsàn yìí, kí sì ni àmì rẹ̀? Ó rí àmì náà, ó ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, kò sì lè kọjá ibẹ̀.

Ó di 1949 kí Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California tó béèrè ohun tó mú sẹ́ẹ̀lì náà tẹ̀. Pauling ti gbọ́ pé ìgbà tí ọ́síjìn bá dín kù ni ó máa ń tẹ̀. Létí oníṣègùn, ara àpèjúwe àìsàn nìyẹn. Létí onímọ̀ kẹ́mísírì tó gbà pé bí mólékù bá ṣe rí ni yóò ṣe máa hùwà, ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka tààrà sí hemoglobin, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Wọ́n fi iná mànàmáná fa hemoglobin aláìsàn àti ti ẹni tí ara rẹ̀ le, àwọn méjèèjì kò sì rìn bákan náà. Nígbà tó fi di 1957, Vernon Ingram ti fi hàn pé nínú èròjà 146 tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n nínú apá kan hemoglobin, ẹyọ kan ṣoṣo ló yàtọ̀.

Ìlànà fífi iná mànàmáná fa hemoglobin yìí ni àwa náà ṣì ń lò ní Òṣogbo nígbà tí àwọn àfẹ́sọ́nà bá wá yẹ jẹ́nótáìpù wọn wò kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kí wọ́n tó so yìgì. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí mo ti rí àfẹ́sọ́nà tí èsì ilé àyẹ̀wò kan tú ká, tí èsì ibòmíràn sì wá fi hàn pé kò yẹ kí wọ́n tú ká, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí di òní. Ẹ̀rọ wa kò mọ àbùdá ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kẹ́mísírì kan péré ló ń dáhùn: ibo ni hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ yìí rìn dé? Àwa ni a ń fi tíọ́rì àbùdá túmọ̀ ibi tó dúró sí. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí ènìyàn lára lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ náà yóò sọ òótọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìgò, ìtumọ̀ wa sì lè ṣìnà nípa ẹni tí a gbà á lára rẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lo bíi 120 ọjọ́ nínú ara. Ní ti ọmọ tuntun, hemoglobin F tó gbé wá láti inú oyún ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì lè bo èyí tí à ń wá mọ́lẹ̀. Oríṣi kan tún wà, D, tó máa ń dúró sí ojú ibi kan náà pẹ̀lú S, hemoglobin àìsàn yìí. Ẹni tó bá wo ibi ìdúró nìkan yóò pe D ní S, àyàfi tó bá fi àyẹ̀wò mìíràn tì í. Ẹ sọ fún wa bí ẹ bá ti gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́. Kì í ṣe àṣejù.

Ní 1949 yẹn kan náà, James Neel, onímọ̀ àbùdá, béèrè tirẹ̀ láì wo ìrìn mólékù rárá: báwo ni àìsàn yìí ṣe ń ti ọ̀dọ̀ òbí dé ara ọmọ? Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí wò, ó sì rí i pé bàbá àti ìyá ló jọ ń mú un wá. Ibẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́rin tí tọkọtaya AS, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé S kan pẹ̀lú A tó dára, ń gbọ́ lẹ́nu wa pé ọmọ wọn lè fi jẹ́ SS ti wá. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ ọ bí ẹni pé, bí ọmọ kan bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ lákọ̀tun. Ìdí tó fi jẹ́ ọmọ kejì ló kàn tí kì í ṣe ẹ̀kẹta kò sí lára ohun tí tíọ́rì yẹn lè dáhùn.

Ìbéèrè kẹrin ló ń yà mí lẹ́nu jù. Anthony Allison, tó ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1954: kí ló dé tí ohun tó ń pa ọmọdé báyìí kò fi tíì pa rẹ́? Ẹni tí kò bá mọ tíọ́rì Darwin, pé àbùdá tó ń pa ẹni tó gbé e kó tó bímọ yẹ kó máa dín kù láti ìran dé ìran, kò lè rí i pé ìbéèrè wà níbẹ̀. Ìdáhùn Allison ni pé ọmọ AS máa ń bọ́ lọ́wọ́ ibà líle ju ọmọ AA lọ, nítorí náà S kò lè tán níbi tí ẹ̀fọn bá ti ń fi ibà pa ọmọ. Ìdí nìyẹn tí bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS. Ọ̀rọ̀ nípa gbogbo ìlú láti ìrandíran ni ẹni orí rédíò ń sọ. Kò sọ pé ibà ló kó àìsàn ran ọmọ kan, kò sì sọ pé SS kò ní í kó ibà, nítorí ibà a máa ṣe ọmọ SS lọ́ṣẹ́ gidigidi.

Àwọn baba wa náà béèrè. Wọ́n kíyè sí i pé ikú ọmọ máa ń tẹ̀léra lọ́wọ́ ìyá kan náà, àkíyèsí tó péye sì ni. Àlàyé tí wọ́n dì mú, pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, ló sọ ìbéèrè wọn di bí wọn yóò ṣe dá a dúró. Ibẹ̀ ni Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ ti wá. Kì í ṣe gbogbo abíkú ló jẹ́ SS, nítorí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n àlàyé náà kò fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè nípa ohun tí bàbá mú wá, ìyá nìkan ni ẹ̀bi sì ń já lé.

Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ pẹ̀lú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gbà pé omi kíkan inú ikùn àti ìdààmú ọkàn ló ń fa ọgbẹ́ inú, pé kòkòrò kankan kò lè gbé níbẹ̀, nítorí náà bí wọn yóò ṣe dín omi kíkan náà kù ni wọ́n ń béèrè ṣáá. Robin Warren àti Barry Marshall ní Ọsirélíà rí kòkòrò tó ń fa ọgbẹ́ náà nínú ikùn, wọ́n sì rí i mú dàgbà nínú ilé àyẹ̀wò ní 1982. Marshall fúnra rẹ̀ gbé e mu ní 1984, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 2005.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ìyá náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ti lóyún oṣù mẹ́ta, ṣé èyí náà yóò rí bẹ́ẹ̀? Ohun tó gbé e wá gan-an nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wà nílé kò lè dáhùn rẹ̀. Mo ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ padà wá ní ọjọ́ Ajé, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò.