Pé dáàmù kún kò sọ pé ara rẹ̀ dá

Ẹ dé etí dáàmù abúlé ní Òkè-Ògùn tàbí ní Èkìtì lóṣù Kẹsàn-án, kí ẹ bi ẹni tó ń fọṣọ níbẹ̀ bóyá dáàmù náà ṣì dára. Yóò kàn nawọ́ sí omi ni: "Ṣé ẹ ò rí i bó ṣe kún ni?" Ìdáhùn yẹn ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé àwọn tó ń ṣe ìlú náà ń fi í dáhùn. Omi wà, ẹja wà, igi tútù bo ògiri rẹ̀, kí la tún ń wá?

Èrò yìí kò tọ́, ó sì léwu. Omi tí à ń fojú rí kò sọ bí ògiri tó dá a dúró ṣe rí. Kò tilẹ̀ sọ bí omi náà ṣe jìn tó.

Ká kọ́kọ́ mú ti jíjìn yẹn. Dáàmù abúlé kì í ṣe nǹkan bàbàrà: ògiri amọ̀ tí wọ́n kì le, tí wọ́n fi dí odò kékeré láàárín òkè méjì ni. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí oko tó wà lókè odò ló ń wọ́ erùpẹ̀ wá sínú rẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti dáko dé etí omi. Erùpẹ̀ náà á rì sísàlẹ̀, kò sì ní ibi tí yóò gbà jáde. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹrẹ̀ á máa gba àyè omi. Irú dáàmù bẹ́ẹ̀ máa ń tètè kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òjò mélòó kan péré, ó ti dé ẹnu, inú àwọn ènìyàn á sì dùn. Àmọ́ tó bá di oṣù Kejì, tí àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn bá wá bu omi, tí màlúù wá mu, tí àwọn obìnrin wá pọn, ẹrẹ̀ ni wọ́n á bá níbẹ̀. Wọ́n á ní òjò ló kéré. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí a bá ti fi yẹ̀pẹ̀ dí dé ìdajì, igbá díẹ̀ ló máa kún un, igbá díẹ̀ náà ló sì máa gbọ́n ọn gbẹ. Èlẹ́yẹlẹ n'Ìbàdàn, tí wọ́n ti dí láti 1942, kì í ṣe dáàmù abúlé, síbẹ̀ ẹrẹ̀ ti gba àyè púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ti abúlé tirẹ̀ ṣe rí kò nílò ẹ̀rọ kankan: kó wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, kó fi ọparun tí a sàmì sí wọn ojú ibi márùn-ún, kó padà síbi kan náà lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí omi bá tún dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ní ti ògiri, ohun tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí ni igi, nítorí ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ta gbòǹgbò jù. Àwọn baba wa mọ̀ pé igi ń di ilẹ̀ mú. Etí odò tí igi wà kì í tètè ya; ẹ̀gbẹ́ òkè tí a gé igi rẹ̀ tán ni ọ̀gbàrá ń jẹ. Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí máńgòrò tàbí kaṣú bá hù lórí ògiri dáàmù, wọ́n á ní kí a fi í sílẹ̀, ó ń bá wa di ògiri mú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fọwọ́ ara wọn gbìn ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni pé etí odò kò dá omi dúró, ńṣe ni omi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògiri dáàmù ní tirẹ̀, omi ga ní iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, tọ̀sán-tòru ni omi sì ń wá ibi tí yóò gbà dé ẹ̀yìn yẹn. Gbòǹgbò igi náà ń wá omi, inú ògiri ló sì ń gbà lọ. Ọjọ́ tí igi náà bá kú, tàbí tí ẹnì kan bá gé e ṣe igi ìdáná, gbòǹgbò á jẹrà, àyè rẹ̀ á di ihò gbọọrọ nínú amọ̀, àfi bíi pé a ri páìpù mọ́ ibẹ̀. Ìjì náà ń bẹ. Igi ńlá tí ìjì bá wó lórí ògiri kì í dá ṣubú. Yóò hú apá kan ògiri dání.

Igbó tó bo ògiri tún ń bo àṣírí. Abẹ́ rẹ̀ ni òkété ń gbẹ́ ilé sí. Ọdẹ á wá gbẹ́ ihò náà di ńlá, á mú ẹran rẹ̀ lọ, kò ní dí i. A ò ní rí i títí omi á fi rí i.

Kóríko kúkúrú ló yẹ ògiri dáàmù, èyí tí a óò máa gé kí ojú lè tó ilẹ̀. Igi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ẹ fà á tu. Èyí tó bá ti tóbi, ẹ má kàn fi ayùn gé e kí ẹ máa lọ. Iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ni: wọ́n á sọ omi kalẹ̀, wọ́n á hú ìdí igi náà, wọ́n á fi amọ̀ dí àyè rẹ̀, wọ́n á kì í le. Ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣe dáàmù lóore, kó gbìn ín sí òkè odò, níbi tí yóò ti dá erùpẹ̀ dúró kó tó wọ inú omi.

Ní Toccoa, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, dáàmù erùpẹ̀ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Kelly Barnes. Gíga rẹ̀ kò tó mítà 12. Wọ́n ti fi í ṣe iná mànàmáná rí. Nígbà tí wọ́n pa ìyẹn tì ní 1957, adágún ìgbafẹ́ ló dà. Igi hù sí ẹ̀yìn ògiri rẹ̀. Fọ́tò kan láti 1973 fi hàn pé erùpẹ̀ ti yẹ̀ wálẹ̀ níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá 1977, lẹ́yìn òjò ńlá, ògiri náà ya, omi bo ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì tó wà nísàlẹ̀, ó pa ènìyàn 39. Àwọn tó ṣe ìwádìí kò rí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè di ẹ̀bi rù. Ẹ̀yìn ògiri tó dúró ṣánṣán jù, omi tó ń sun, gbòǹgbò igi, gbogbo wọn ni wọ́n kà mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ààrẹ Jimmy Carter, tó jẹ́ ọmọ Georgia, pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ àwọn dáàmù tó lè pani lára wò káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Kenya náà rí tirẹ̀: dáàmù oko kan ní Solai, ní àgbègbè Nakuru, ya lálẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 2018, ó pa ènìyàn tó lé ní 40. Dáàmù kékeré ni méjèèjì.

Ohun kejì tí a ń ṣì kà ni omi tó ń sun lẹ́sẹ̀ ògiri. Àwọn kan ń pè é ní ìsun, wọ́n ń pọn ọ́n mu. Kò sí ògiri amọ̀ tí omi kì í là kọjá díẹ̀díẹ̀, nítorí náà sísun nìkan kì í ṣe ìdí láti sá. Àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ń yára ni kí ẹ wò. Bó bá mọ́ gaara, tí kò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ máa ṣọ́ ọ: ẹ gbé garawa sí i, kí ẹ ka iye ìṣẹ́jú tó fi kún, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí omi dé nínú dáàmù. Bí garawa bá ń yára kún nígbà tí omi dáàmù kò ga sí i, tàbí tí omi náà bá dà bí èyí tí a fi fọ ọwọ́ ẹrẹ̀, ògiri ni omi ń kó jáde yẹn, láti inú wá.

Ẹ̀kẹta ni ojú àkúnya, ibi tó rẹlẹ̀ ju orí ògiri lọ, tí omi tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde. Apẹja á fi àwọ̀n àti ọparun dí i kí ẹja má bàa bá omi lọ. Olóko á kó àpò yanrìn sí i, kí omi lè pọ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mọ ohun tó ń lé wọn, ebi kì í ṣe eré. Àmọ́ ààyè gbígbẹ tó kù láàárín omi àti orí ògiri kì í ṣe ìfiṣòfò. Kọnkéré lè fara da kí omi gba orí rẹ̀ kọjá. Amọ̀ kò lè fara dà á. Bí omi bá ti ń ṣàn lórí ògiri, yóò máa jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi là á. Ibi tí màlúù àti ọ̀kadà bá ti tẹ̀ di kòtò lórí ògiri ni yóò sì kọ́kọ́ gbà. Ẹ fi erùpẹ̀ dí irú kòtò bẹ́ẹ̀, kí ẹ kì í.

Ẹ yẹ fáàfù ìsàlẹ̀ wò pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń ṣí láti fa omi dáàmù sílẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò yí láti ọdún gbọọrọ, ìpẹtà á ti gbá a mú. Òun nìkan sì ni ọwọ́ lè dé bí omi ẹlẹ́rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun.

Bó bá ṣẹlẹ̀ lóru bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ jí, kí wọ́n tó máa wá ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi amọ̀ dí ẹnu ibi tó ń sun náà. Omi tí a bá dí lẹ́nu níbẹ̀ á wá ibòmíràn gbà nínú ògiri. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń dà lé e, kí omi lè máa kọjá, kí erùpẹ̀ má sì lè bá a lọ.