Álíbọ́ọ̀mù dúẹ́ẹ̀tì tọkọtaya nínú orin kọ́ńtìrì: kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Kenny Rogers àti Dolly Parton ná, àwọn akọrin kọ́ńtìrì Amẹ́ríkà tí àwọn kan máa ń pè ní tọkọtaya, torí ibẹ̀ ni iyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í ṣe tọkọtaya o. Wọn ò fẹ́ra wọn rí. Orin Islands in the Stream tí wọ́n jọ kọ lọ́dún 1983 yẹn, ẹgbẹ́ akọrin Bee Gees ló ṣẹ̀dá ẹ̀, Dolly sì ti wà nílé ọkọ ẹ̀ Carl Dean láti 1966, ibẹ̀ náà ló wà títí ọkùnrin yẹn fi kú lọ́dún 2025. Conway Twitty àti Loretta Lynn náà ńkọ́? Rárá. Ọdún mẹ́rin léraléra, 1972 sí 1975, ni wọ́n fi gba àmì ẹ̀yẹ CMA (ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ orin kọ́ńtìrì) fún akọrin méjì tó dáa jù, wọ́n ń fohùn ṣeré ìfẹ́ síra wọn tí ojú fi máa ń ti èèyàn, bẹ́ẹ̀ kálukú ló ní ilé tiẹ̀.

Dúẹ́ẹ̀tì ni kí èèyàn méjì jọ pín orin kan ṣe, kì í ṣe kí ẹnì kan máa lé kí ìkejì máa gbè o, àwọn méjèèjì ló ń lé. Ẹni yìí á gba ẹsẹ àkọ́kọ́, ẹni yẹn á gba ìkejì, wọ́n á wá pàdé níbi ègbè. Tó bá jẹ́ orin kan ṣoṣo, dúẹ́ẹ̀tì lásán nìyẹn. Tí wọ́n bá fi odidi álíbọ́ọ̀mù ṣe é, tí orúkọ àwọn méjèèjì wà níwájú páálí ẹ̀, ó ti di álíbọ́ọ̀mù dúẹ́ẹ̀tì, tí àwọn méjèèjì bá wá tún jẹ́ tọkọtaya, ohun tí à ń sọ gan-an nìyẹn. Kí ọkọ kàn ní kí ìyàwó òun wá dá sí orin keje, ìyẹn ò tíì débẹ̀.

Ohùn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti wà nínú kúáyà rí á mọ ohun tí mò ń sọ: kíì, ìyẹn bí orin ṣe ga sí, tó rọ ọkùnrin lọ́rùn kì í sábà rọ obìnrin lọ́rùn. Tí wọ́n bá mú kíì tó bá ọkọ mu, ohùn ìyàwó á lọ sílẹ̀ débi tí kò ní dún dáadáa mọ́, tí wọ́n bá sì mú ti ìyàwó, ọkọ á máa na ọrùn. Wọ́n lè wá ibì kan láàárín, wọ́n sì lè yí kíì padà láàárín orin tó bá kan ẹnì kejì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ọkọ di ohùn orin fúnra ẹ̀ mú níbi ègbè, kí ìyàwó gba páàtì tó wà lókè ẹ̀, tí ohùn méjèèjì á máa rìn pọ̀ láì kọlu ara wọn, ibẹ̀ lorí èèyàn ti máa ń wú. (Gìtá tó máa ń sunkún lábẹ́ wọn yẹn, pẹ́dà sítíìlì ni wọ́n ń pè é, a mọ̀ ọ́n nílé dáadáa, ṣebí òun ni Demola Adepoju ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé.)

Iṣẹ́ kejì ni ti ìwé àdéhùn, ibí yìí gan-an ló sì máa ń pẹ́ jù. Akọrin ńlá kan kì í dá ohùn ara ẹ̀ ní bó ṣe wù ú, ó ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú iléeṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ jáde, iléeṣẹ́ yẹn nìkan ló lè ta ohùn ẹ̀ títí àdéhùn á fi parí. Tí ọkọ bá wà níbì kan tí ìyàwó wà níbòmíì, wọ́n lè jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan kí wọ́n má lè jọ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kan. Ẹ wo Kris Kristofferson àti Rita Coolidge tí wọ́n fẹ́ra lọ́dún 1973: ọkọ wà ní iléeṣẹ́ Monument, ìyàwó wà ní A&M, bí wọ́n ṣe yanjú ẹ̀ ni pé Full Moon jáde lọ́dọ̀ ìyàwó lọ́dún yẹn, èyí tó tẹ̀lé e, Breakaway, jáde lọ́dọ̀ ọkọ ní 1974. Tim McGraw àti Faith Hill fẹ́ra lọ́dún 1996, Tim wà ní Curb, Faith wà ní Warner, wọ́n ń bá ara wọn dá orin kọ̀ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń gba Grammy lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n odidi álíbọ́ọ̀mù tí wọ́n jọ ni, The Rest of Our Life, ọdún 2017 ló tó jáde, nígbà tí wọ́n jọ bọ́ sí Arista Nashville. Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn ìgbéyàwó!

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò wá mọ̀ ni pé orin inú irú álíbọ́ọ̀mù yìí kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé wọn rárá. Ní Nashville, ìlú tí orin kọ́ńtìrì fìdí sí ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa jókòó kọ orin fún ẹlòmíì, pirodúsà, ẹni tó ń darí iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, á ṣa èyí tó ní ìhà méjì nínú wọn, orin ìjà, orin àforíjì, orin ìlérí, torí tọkọtaya ló máa kọ ọ́, olùgbọ́ á sì fi ìyókù kún un fúnra ẹ̀. Orin tí wọ́n fi sọ álíbọ́ọ̀mù Tim àti Faith yẹn lórúkọ, Ed Sheeran ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà ló ń bá àwọn tó ti tọ́mọ dàgbà sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àgbà. Orin náà dáa o, mi ò sọ pé kò dáa. Mo kàn ń sọ pé ìgbéyàwó ni wọ́n fi ń ta á, kì í ṣe inú ìgbéyàwó yẹn ló ti wá.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀rọ̀ yìí kedere, George Jones àti Tammy Wynette ni kó lọ wò. Wọ́n fẹ́ra ní February 1969. George ò sí ní iléeṣẹ́ Epic tí Tammy wà nígbà yẹn, ó dìgbà tó bọ́ síbẹ̀ ní 1971 kí álíbọ́ọ̀mù wọn We Go Together tó jáde, Billy Sherrill tó jẹ́ pirodúsà Tammy ló sì gba àwọn méjèèjì sọ́wọ́. Ọkùnrin yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Lọ́dún 1972 ó ní kí wọ́n kọ orin kan tó jẹ́ pé ètò ìgbéyàwó ni láti òkè délẹ̀, ohùn pásítọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọkọ ń jẹ́jẹ̀ẹ́, ìyàwó ń jẹ́jẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá wò ó lórí ìtàgé. Nínú ilé, ọtí George ti ń da nǹkan rú. Ní 1973 Tammy gba kóòtù lọ pé òun ò ṣe mọ́, ó tún yí ọkàn padà, lọ́dún yẹn náà ni orin We're Gonna Hold On jáde, tó ń sọ pé àwọn ò ní jáwọ́, orin yẹn gba ipò kìíní nínú orin kọ́ńtìrì Amẹ́ríkà. George fúnra ẹ̀ wà lára àwọn tó kọ èyí, kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó jọ pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ọdún 1975 ni ìgbéyàwó tú ká.

Ẹ̀yin náà á rò pé ó parí síbẹ̀, àbí? Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n kọra sílẹ̀, ní 1976, wọ́n gbé álíbọ́ọ̀mù Golden Ring jáde. Bobby Braddock àti Rafe Van Hoy ló kọ orin tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ìtàn òrùka kan ni: wọ́n rà á ní ṣọ́ọ̀bù ìdógò ní Chicago, ó wọ ọwọ́ ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jà, ó tún padà sínú ṣọ́ọ̀bù ìdógò. Ipò kìíní ni. Orin kejì látinú álíbọ́ọ̀mù yẹn, Near You, òun náà gba ipò kìíní. Wọ́n tún jọ ṣe òmíì ní 1980, wọ́n tún ṣe ní 1995 nígbà tí kálukú ti fẹ́ ẹlòmíì tipẹ́. Lójú tèmi o, kò sí èyí tó dáa tó ti 1976 yẹn nínú gbogbo ohun tí wọ́n jọ ṣe, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe tọkọtaya mọ́ nígbà tí wọ́n ṣe é.

Johnny Cash àti June Carter náà dojú ọ̀rọ̀ rú díẹ̀. Álíbọ́ọ̀mù wọn tí orin Jackson wà nínú ẹ̀, 1967 ló jáde, March 1968 ni wọ́n tó ṣègbéyàwó, nítorí náà ẹni tó bá le koko á ní kò tíì wọlé. Ti 1973 wá wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: Johnny Cash and His Woman. Obìnrin ẹ̀ kẹ̀! Ọmọ ilé Carter, ìdílé àwọn olórin, tí ìyá ẹ̀ Maybelle ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù láti 1927!

Ibi kan ṣì kù tí wọ́n ti máa ń ṣì í mú. Michael àti Tanya Trotter, tọkọtaya aláwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ The War and Treaty, orin tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ fúnra wọn pọ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń lé e. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní pe Healing Tide wọn ti 2018 ní álíbọ́ọ̀mù dúẹ́ẹ̀tì, torí orúkọ kan ṣoṣo ló wà níwájú páálí ẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Álíbọ́ọ̀mù dúẹ́ẹ̀tì ní láti jẹ́ ti ẹni méjì tí kálukú ti ní orúkọ àti rẹ́kọ́ọ̀dù tiẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n á sì tún padà sídìí iṣẹ́ tiwọn tí èyí bá ti jáde tán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Golden Ring, kẹ́ ẹ fi híàfóònù gbọ́ ọ.