Oyè Orí Àyà

Ní Ìkòròdú àtijọ́, a kì í so irin mọ́ àyà ẹni tó bá jagun. Oyè là ń fi í jẹ: Balógun, Ọ̀tún, Òsì, Sẹ́ríkí. Olóyè ogun ní agboolé, ó ní ọmọ ẹ̀yìn, ó sì ń jókòó níbi tí ọba ti ń gbìmọ̀. Ẹni tí kò ti ilé ẹnì kankan wá nílùú, ta ni yóò pè é wá jẹ oyè?

Ẹnu ọ̀nà yìí ni àmì ẹ̀yẹ tí à ń so mọ́ àyà gbà wọlé. Ní 1863, Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gòlóbà, kó àwọn Haúsá jọ, ó sọ wọ́n di ọmọ ogun. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn. Láti ọdún yẹn ni àwọn ológun Nàìjíríà ti ń ka ọjọ́ orí wọn. Nígbà tí ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú ní 1865, wọ́n wà lára àwọn tí Gòlóbà fi ránṣẹ́ wá tú ogun náà ká.

Ní 1873, ó kó wọn lọ ogun Aṣáńtì, ní ilẹ̀ Gánà òde òní. Fàdákà ni àmì ẹ̀yẹ ogun yẹn. Orí Fitóríà, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, wà lójú kan, àwọn sójà tó ń jà nínú igbó wà lójú kejì. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni kí ẹ wò: orúkọ ẹni tó ni ín ni wọ́n fín síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ná lówó lọ́jà rí, kí òun náà wá ní fàdákà tí orúkọ rẹ̀ wà lára! Èmi ò mọ ohun tó tún lè so ọkùnrin mọ́ iṣẹ́ ogun tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ irin náà ní ọ̀gá, ó ní ọmọọṣẹ́. Military Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1914, tọ̀gá ni. Military Medal ti 1916 ni ti sájẹ́ńtì àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kòtò kan náà, ìgboyà kan náà, irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà tó di 1993 ni wọ́n tó pa wọ́n pọ̀. Irú Cross yìí ni Fájuyì gbà ní 1961 nítorí ohun tó ṣe ní Katanga, nílẹ̀ Kóńgò. Sójà tó bá mọ èdè yìí, àyà ni í kọ́kọ́ wò kó tó wojú èèyàn.

Bàbá àgbà wa lọ jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìràwọ̀ idẹ onígun mẹ́fà ni wọ́n fún wọn, ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ pupa láàárín, búlúù àti àwọ̀ ọsàn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Inú agolo tábà ló ń gbé e sí; eérú ló fi ń nù ún. Bó bá ti so ó mọ́ agbádá, kì í jẹun lójú títì, kì í dúnàá-dúrà, bẹ́ẹ̀ ni kì í fèsì èébú. Àwọn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí a máa dìde fún un. Bó bá tú u, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa jà lórí ẹran.

Ẹ̀yìn ìràwọ̀ yẹn dán borokoto. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò fín orúkọ kankan sí i. Lọ́jọ́ kejì tí a sin ín, àbúrò bàbá mi mú ìṣó, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi họ orúkọ bàbá àgbà sí i. Lẹ́tà náà wọ́, èyí tó kẹ́yìn kò sì ráyè wọlé dáadáa.