Kí Ló Dé Tí Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ Ń Bá Bọ́ọ̀sì Rìn?

Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Kútọ̀nù lọ sí Parakú mọ̀ ọ́n: bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn òkè alápàáta yẹn á yọ lókèèrè, àwọn ọmọ tó jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé á sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ìbéèrè wọn nìyí, pẹ̀lú ti àwọn àgbà tó ń díbọ́n pé àwọn kò ní ọ̀kankan.

Kí ló dé tí igi etí títì ń sá lọ sẹ́yìn, tí òkè wá ń bá wa lọ?

Bí a ti ń lọ, ìhà tí a ti ń wo nǹkan ń yí padà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń sá kìlómítà 90 ní wákàtí kan ń lọ mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Igi tó wà ní mítà 5 sí fèrèsé ti bọ́ sẹ́yìn ká tó wí. Òkè tó wà ní kìlómítà 5 ńkọ́? Ẹ na apá yín tán, kí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè: bọ́ọ̀sì náà yóò rìn tó bí ìṣẹ́jú àáyá 7 kí òkè tó sún ní ìwọ̀n ìbú àtàǹpàkò yẹn. Ọpọlọ kò mọ kìlómítà. Ohun tó mọ̀ ni pé èyí tó yára kọjá wà nítòsí, èyí tó ń falẹ̀ jìnnà.

Ṣùgbọ́n ìdí tí òkè fi ń falẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìdí tó fi ń tẹ̀ lé wa. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: ibi tí ẹ bá tẹjú mọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Ojú máa ń di ohun tó ń wò mú kó má baà sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ igi kan láàárín pápá, igi náà á dà bí èyí tó dúró. Ohun gbogbo tó wà láàárín ẹ̀yin àti igi náà á máa sá sẹ́yìn, ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa bá yín lọ síwájú. Ẹ wá gbé ojú lọ sórí òkè gan-an, òkè á dúró. Ẹ dán an wò. Òṣùpá tó máa ń sin ọmọdé délé kò yàtọ̀: ó fi bíi kìlómítà 384,000 jìnnà sí wa, gbogbo ìrìn wa láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kétu kò sì lè mú kó sún ní ìwọ̀n tí ojú máa rí.

Ṣé ẹni tó ní ojú kan kò wá lè mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó?

Ó lè mọ̀ ọ́n. Ojú wa méjèèjì fi bíi sẹ̀ntímítà 6 jìnnà síra, nítorí náà ohun tí wọ́n ń rí kò bára mu délẹ̀. Ní 1838, Charles Wheatstone, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, fi dígí méjì gbé àwòrán pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wò ó sì rí ohun tó yọ síwájú, tó sì lọ sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn dára fún fífi òwú bọ ihò abẹ́rẹ́. Ní ti òkè ọ̀nà jíjìn, ohun kan náà ni ojú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ń rí. Ìrìn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ojú kan sì tó fún un. Kódà nínú yàrá, olójú kan lè mi orí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kó fi mọ ibi tí ife wà.

Ṣé ìdí tí ẹyẹlé fi ń mi orí nìyẹn?

Ó fara pẹ́ ẹ. Ẹyẹlé a na orí síwájú, á wá dá a dúró nígbà tí ara ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ohun tó ń wò má baà sún. Ní 1978, Barrie Frost ní Kánádà gbé ẹyẹlé sórí bẹ́líìtì tó ń yí, débi pé ẹyẹ ń rìn, kò sì kúrò lójú kan. Ó rìn títí, orí kò mì, torí pé àyíká rẹ̀ kò yẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ẹ̀gbẹ́ wa gbéra ní gáréèjì, mo sì rò pé àwa là ń padà sẹ́yìn.

Bí ohun ńlá tó gba gbogbo ojú bá sún, ọpọlọ a gbà pé ara ló ń rìn. Ilé àti igi kì í ṣáà rìn.

Ṣé ẹnì kan lè ríran kó má rí ìrìn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ní 1983, àwọn onímọ̀ ní Munich, ní Jámánì, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí àìsàn ba ẹ̀yìn ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ lápá méjèèjì. Ó ń rí àwọ̀, ó ń dá nǹkan mọ̀. Àmọ́ bó bá ń da tíì sínú ife, tíì náà a dúró gbọnyin bí omi dídì, kò sì ní mọ ìgbà tí ife ń kún. Mọ́tò tó rí lókèèrè, á kàn bá a níwájú rẹ̀ lójijì. Etí ló wá fi ń sọdá títì: bí ariwo mọ́tò bá ṣe ń pọ̀ sí i ló fi ń mọ bó ṣe sún mọ́ ọn tó.