Ìtọ́jú ìlera ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìtọ́jú ìlera ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ ni ètò tí ilé-ẹ̀kọ́, ẹbí àti oníṣègùn jọ ń ṣe kí ọkàn ọmọ lè balẹ̀ sí ìwé, kí wọ́n sì tètè rí ẹni tí àìsàn ọpọlọ bá fẹ́ mú. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn ló sábà máa ń pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ fura. Ní Yunifásítì Babcock, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, inú ọgbà ni wọ́n ń gbé, àwọn alábòójútó ilé ibùgbé sì wà nítòsí wọn. Ní Yunifásítì Olábísí Ọnàbáńjọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, ọ̀pọ̀ ló rẹ́ǹtì yàrá láàárín ìlú. Níbẹ̀, onílé tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ni yóò mọ̀ pé ọmọ kan kò jáde mọ́.

Ìsoríkọ́ yàtọ̀ sí ìbànújẹ́ ọjọ́ kan. Ó kéré tán, yóò ti tó ọ̀sẹ̀ 2 tí inú ẹni náà ti ń bàjẹ́ tàbí tí nǹkan kan kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oorun, oúnjẹ àti ìwé kíkà sì ti dàrú. Àwọn ará ilé sábà máa ń pe èyí ní ọ̀lẹ, ìtọ́jú a sì pẹ́. Ìwé ìbéèrè PHQ-9, tí wọ́n fi ń wo bí ìsoríkọ́ ṣe pọ̀ tó lára ènìyàn, ní ìbéèrè 9, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 3. Ẹni tó bá gba 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lápapọ̀ yẹ kó rí oníṣègùn. Ìbéèrè kẹsàn-án dá lórí èrò ikú. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ti jẹ́ 0, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n jókòó ti ọmọ náà, iye tí àpapọ̀ wù kó jẹ́.

Kí wọ́n bi í tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n kó oògùn àti apakòkòrò kúrò ní yàrá, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́, láti ibẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ṣágámù tàbí ti Àró ní Abẹ́òkúta. Àdúrà lè máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtọ́jú; kó má gba ipò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ máa ń pa oògùn ìsoríkọ́ tì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé inú lè kọ́kọ́ máa rú, nígbà tí ara kì í bẹ̀rẹ̀ sí í yá títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Bí ara bá tilẹ̀ yá, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ lò ó fún oṣù 6 ó kéré tán, dókítà ni yóò sì dá a dúró díẹ̀díẹ̀.

Ní àsìkò ìdánwò, obì àti ohun mímu amúnilágbára ń ba oorun jẹ́: nǹkan bí ìdajì kaféènì, èròjà inú wọn tó ń lé oorun lọ, tí ènìyàn mu ní agogo 10 alẹ́ ṣì lè wà lára rẹ̀ ní agogo 3 òru. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àìsàn kò bá jẹ́ kó lè jókòó ṣe ìdánwò gbọ́dọ̀ tètè fi ìwé dókítà tọrọ ìdádúró ẹ̀kọ́. Láìsí ìwé yìí, wọ́n lè kà á sí ẹni tó fìdí rẹmi.